Òbúkọ Ìdúpẹ́

Igbe òbúkọ ló jí Nojeem láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn. Kì í ṣe igbe ebi. Igbe ẹran tí wọ́n ń da omi tútù sí lára ni. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò bá Sọ̀fíyàt ìyàwó rẹ̀ lórí ibùsùn mọ́, ṣùgbọ́n ibi tí orí rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó wá gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti àgbàlá. Nojeem lè dá ẹ̀rín yẹn mọ̀ láàárín gbogbo obìnrin tó ń nájà ní Ọjà'ba, kódà kí wọ́n di í lójú.

Ó jáde. Àtọ́kẹ́, ìyá rẹ̀, ti ká ìró sókè dé orúnkún, ó ń fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú bó òbúkọ rẹ̀ lára bí ẹni ń wẹ ọmọ ìkókó. Sọ̀fíyàt di ìwo ẹran náà mú. Waliyat, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Nojeem, jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, pákò wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń wòran.

"Ìyá mi, ẹ kú àárọ̀. Kí ni òbúkọ ṣe tẹ́ ẹ fi ń wẹ̀ ẹ́?"

"Ó ń lọ òde ni," Waliyat dáhùn kí ìyá tó lanu. "Òun náà fẹ́ bá wa lọ kí ọ̀gá yín. Ẹ kú ojúmọ́, ọkọ mi Máníjà."

Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Akọ̀wé ni Waliyat ti ń pe Nojeem láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un wọ agboolé yìí ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Àìpẹ́ yìí ló yí i padà sí Máníjà, ó sì máa ń fa orúkọ náà gùn débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì ń gbọ́.

"Ọ̀gá wa kẹ̀?" Nojeem ní.

"Bàbá Sàídì ló ní kò gbọdọ̀ di ọ̀la," ìyá rẹ̀ sọ, kò gbójú sókè. "Wọ́n ní irú ilé wo ni wọ́n ti máa ń ṣe ọmọ lóore tí àwọn àgbà máa jókòó gẹlẹtẹ, tí wọn ò ní lọ dúpẹ́? Ẹni ẹlẹ́ni gbé odindi ilé búrẹ́dì lé ọmọ mi lọ́wọ́, ká wá máa wò ó níran? Kí wọ́n lè sọ pé a ò mọ oore?"

Sìmẹ́ǹtì àgbàlá tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ Nojeem. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sórí èkejì.

"Ìyá mi, Alhaji ò sí nílé. Ó rìnrìn àjò."

"Alhaji wo?" Waliyat tu itọ́ pákò sí ẹ̀gbẹ́. "Ṣé Alhaji Àkíbù tí mo rí ní Bẹẹrẹ lánàá, tó dúró sójú títì tó ń bá oníyanrìn jà?"

"Ó lè jẹ́ lálẹ́ ló lọ."

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó lọ," ìyá ní, ó sì da omi tó kù lé òbúkọ lórí. Ẹran náà gbọn ara, omi ọṣẹ ta sí Sọ̀fíyàt lójú, ó tún bú sẹ́rìn-ín.

Òbúkọ yìí ni ìyá ń sìn láti fi tún òrùlé yàrá rẹ̀ ṣe kí òjò tó dé. Gbogbo ilé ló mọ̀. Nígbà tí òjò bá rọ̀, abọ́ ni ìyá máa ń gbé sórí bẹ́ẹ̀dì, òun fúnra rẹ̀ á sì lọ jókòó sí igun. Nojeem wo òbúkọ, ó wo òrùlé.

Bí wọ́n bá sì ní kí wọ́n wá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, bóyá Nojeem ni wọn ì bá kọ́kọ́ mú. Òun ló wà nídìí ààrò nílé búrẹ́dì Alhaji Àkíbù ní Bẹẹrẹ. Alhaji yìí ní àṣà kan: lárààárọ̀ ló máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sórí Wasáàpù fún gbogbo àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. "Ẹ má ṣe bí òṣìṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ ló ń wo aago. Ẹ ṣe bí ẹni tó ni ibẹ̀, ẹ máa ronú bí ẹni tó ni ibẹ̀." Àwọn tó kù á fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n á máa kí ara wọn, "Ẹni tó ni ibẹ̀, ẹ kú iṣẹ́." Nojeem ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì bí ẹni gbé oògùn mì. Òun ló sọ pé kí wọ́n máa ṣe búrẹ́dì kékeré fún àwọn ọmọ iléèwé. Òun ló ń fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn iṣẹ́ tọ àwọn Hausa onítíì lọ láti Bẹẹrẹ dé Ọ̀rányàn, á fi owó ara rẹ̀ ra búrẹ́dì gbígbóná fún wọn kí wọ́n fi tọ́ ọ wò, títí wọ́n fi di oníbàárà. Ọjọ́ ọdún iléyá tí ààrò sán, tí gbogbo ayé ń jẹ ẹran, amọ̀ ni Nojeem ń pò. Sọ̀fíyàt máa ń sọ pé ààrò yẹn ni orogún òun, pé orogún náà ló sì gba ọkọ.

*

Kí wọ́n tó lọ, Bàbá Sàídì ní òun ò lè fi inú òfìfo lọ dúpẹ́. Òun ni olórí ilé, ẹ̀gbọ́n bàbá Nojeem. Sọ̀fíyàt gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà fún un nínú àwo tó dára jù lọ. Bàbá ń jẹun, ó sì ń bèèrè bí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ṣe máa jẹ́.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ yẹn. Méjì ni wọ́n pè. Ìyá ní ẹni tó bá máa bá òbúkọ jókòó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n mú. Waliyat ní òun ò ní bá òbúkọ jókòó nínú aṣọ ọdún.

"Ta ló pè ọ́?" ìyá bi í. "Ìwọ náà ń dúpẹ́ ni? Kí ni wọ́n fún ọ?"

"Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀rín mà lẹ ń pa mí. Ṣé tí búrẹ́dì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ẹ̀yin nìkan lẹ máa jẹ ẹ́? Mo ń lọ o! Kí ọ̀gá yẹn ti tètè mọ ojú gbogbo wa."

"Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀," Bàbá Sàídì ní, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. "Ìdúpẹ́ ò mọ ní ẹni kan."

Nojeem ti wọ yàrá. Sọ̀fíyàt ń lọ bùbá funfun rẹ̀ lórí ibùsùn, ó ń kọrin sínú. Òógùn díẹ̀ wà létè òkè rẹ̀, ó sì dára lójú ọkọ rẹ̀ débi pé ọ̀rọ̀ tó gbé wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí ọ̀fun.

"Wò ó," Sọ̀fíyàt ní, "mi ò tíì sọ fún ọ. Mo ti fún Morádéyọ̀ ní ìsọ̀ mi. Àná ló kó ọjà rẹ̀ síbẹ̀. Ìyá tó ni ibẹ̀ ní ṣé ó dá mi lójú, mo ní, ah, ọkọ mi máa nílò mi nílé búrẹ́dì tuntun ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ta ló máa máa bá a ta búrẹ́dì? Àwọn abọ́ ike mi tó kù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbí."

Nojeem wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn abọ́ náà to lé ara wọn, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ pupa.

"Sọ̀fí, kò fún mi."

"Ta ni ò fún ọ? Kí ni?"

"Alhaji. Ibi Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Kò fún mi."

Ọwọ́ Sọ̀fíyàt dúró.

"Ohun tó sọ ni pé, 'Nojeem, tá a bá ṣí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, a máa wò ó.' Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Èmi ni mo gbé e délé, mo wá..." Ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe bí ẹni tó ń na ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò. "Alẹ́ ọjọ́ yẹn, apá mi jóná, ò ń fi òróró pa á. O ní, 'Ṣé Alhaji yìí tilẹ̀ mọ̀ pé o wà níbẹ̀?' Mi ò lè sùn. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ó mọ̀, Sọ̀fí. Ẹnu mi kàn sọ ọ́. O dìde jókòó, o dì mọ́ mi, o ń sunkún. Mo wá ní tí ilẹ̀ bá mọ́ ni mo máa sọ òótọ́. Ilẹ̀ mọ́, o ti sọ fún Ìyá."

Sọ̀fíyàt ò pariwo. Ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró, ó fara balẹ̀ yọ ọ́ lára iná, ó ká wáyà rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ká bùbá náà, ó nà án sí i.

"Ẹ lọ sọ fún wọn."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, nínú yàrá yìí, Sọ̀fíyàt ò pè é ní ẹ̀yin rí. Ìta ni ẹ̀yin wà, lójú àwọn àgbà. Tí ilẹ̀kùn bá ti padé, ìwọ ni, Nojí ni, olólùfẹ́ mi ni. Nojeem gbọ́ "ẹ" yẹn, ó dà bí ìgbà tí ẹni tó wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀ dìde, tó jáde, tó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

"Wọ́n ti wọṣọ, Sọ̀fí."

"Ẹ lọ sọ fún wọn. Kí wọ́n tó gbé òbúkọ sínú kẹ̀kẹ́."

Ó wọ bùbá, ó jáde. Ó fẹ́ sọ ọ́. Àní, ọ̀rọ̀ náà ti wà ní góńgó ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Sàídì ti dúró láàárín àgbàlá pẹ̀lú agbádá tí kì í wọ̀ àfi ọjọ́ ọdún, fìlà rẹ̀ gún régé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń dúró de Nojeem nìkan.

"Sún mọ́ mi. Kúnlẹ̀ níbí." Ó gbé ọwọ́ lé e lórí. "Ọlọ́run tó fi ọ́ nu ojú wa nù, kò ní jẹ́ kí ojú tún tì wá. Àwọn tó ń wò wá pé kí ni yóò ti ilé yẹn jáde, Ọlọ́run ti fún wọn lésì."

"Àmín," gbogbo wọn ní.

"Iṣẹ́ tí o fi òótọ́ inú ṣe, o máa jèrè ẹ̀."

"Àmín, àmín." Ohùn ìyá rẹ̀ ló kẹ́yìn, ó sì ya láàárín.

"Bàbá..." Nojeem ní.

"Hẹn, ọmọ mi?"

Ojú Bàbá wà lára rẹ̀, ó rẹ̀, ó tutù, ó kún fún ayọ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá."

Nígbà tó dìde, ó rí Sọ̀fíyàt lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn. Ó ti gbọ́. Ó wọlé padà, ó sì jáde pẹ̀lú gèlè lórí. Kẹ̀kẹ́ tí òbúkọ wà nínú rẹ̀ ló lọ wọ̀.

*

Gbogbo ọ̀nà ni òbúkọ ń ké. Abẹ́ òkè Mapo ni wọ́n gbà, Waliyat yọ orí síta láti inú kẹ̀kẹ́ iwájú, kò sì sí ojúlùmọ̀ kan tó kí i tí kò dá lóhùn pé, "Ilé ọ̀gá ọkọ mi la ń lọ o! Wọ́n ti fún un ní búráǹṣì!" Nojeem jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó ń wo táyà iwájú. Ó ń gbàdúrà pé kí epo tán. Ó ń gbàdúrà pé kí ọlọ́pàá dá wọn dúró. Epo ò tán.

Ilé Alhaji Àkíbù wà lẹ́yìn Bẹẹrẹ, ilé tí wọ́n fi táìsì lẹ̀ níwájú. Alhaji jáde sí wọn nínú jàlàbíyà, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tí Bàbá Sàídì fi ọjọ́ orí jù lọ dáadáa ni. Kó tó jókòó, Bàbá ti ṣí fìlà. Orí rẹ̀ funfun báláú. Ó gbé fìlà sí àyà, ó sì fẹ́ẹ́ dọ̀bálẹ̀ lórí táìsì, àfi ìgbà tí Alhaji sáré di apá rẹ̀ mú.

"Áà, Bàbá! Ẹ má ṣe é. Ẹ má fi mí gba èpè."

"A gbọ́dọ̀ ṣe é, Alhaji. Ohun tí ẹ ṣe fún wa, bàbá tó bí i lọ́mọ ì bá wà láyé, òun ni ì bá wá. Ẹ gbé ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú lé ọmọ wa lọ́wọ́, ẹ ní kó máa darí ẹ̀. Ẹ ò bí i. Ẹ ò mọ ìyá ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwa ò ní nǹkan kan. Òbúkọ kan la ní, òun la ní ká fi kí yín."

Àtọ́kẹ́ ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń súre, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan tán kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Waliyat ń dá "àmín" fún gbogbo ilé.

Alhaji wo Nojeem. Kò pẹ́ rárá tó wò ó. Nojeem rí i bí ojú ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́kọ́ há, tó wá là, tó wá rọ̀, bí ojú ẹni tó ń ṣe ìṣirò tí ìdáhùn rẹ̀ sì dára ju bó ṣe rò lọ.

"Ẹ dìde, ìyá wa," Alhaji ní. "Nojeem? Ọmọ mi ni. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Bẹẹrẹ. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ yẹn, bí ẹni tó ni ibẹ̀ ni. Irú ẹ̀ ni mo ń wá."

Àtọ́kẹ́ fi ìborùn bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

Alhaji ní kí wọ́n so òbúkọ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Wọ́n gbé ìgò máàtì tútù wá àti bisikíìtì. Ó rí i pé Bàbá ń tiro, ó bèèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ó yin gèlè Waliyat. Nojeem ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń dúró de ibi tí ọkùnrin náà yóò ti sọ pé òun fún un, tàbí pé òun ò fún un. Alhaji ò dé ibẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò parọ́ ẹyọ kan.

Nígbà tí àwọn àgbà ń wọ kẹ̀kẹ́ padà, Alhaji gbé ọwọ́ lé èjìká Nojeem. "Dúró, jẹ́ ká sọ̀rọ̀." Ó fà á lọ sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀. Sọ̀fíyàt dúró de ọkọ rẹ̀ nítòsí, níbi tó ti lè gbọ́ wọn.

"Mo bò ọ́ láṣìírí," Alhaji ní jẹ́jẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ foríjì mí."

"Mi ò bínú. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni ọ́, o fẹ́ kí ìyàwó ẹ fojú tó dáa wò ọ́. Ó yé mi." Ó ń fi àtàńpàkò ka tẹ̀sùbáà lọ. "Misbaudeen, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ni Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú wà fún. Ọmọ yẹn ò mọ iná, kò mọ ìyẹ̀fun. Ìwọ lo máa kọ́ ọ. Kó o máa kọ́kọ́ lọ dá iná níbẹ̀ láàárọ̀, kó o tó máa bọ̀ ní Bẹẹrẹ. Àwọn onítíì Ọ̀rányàn yẹn, mú un lọ bá wọn, kí wọ́n mọ̀ ọ́n."

"Ibi méjèèjì, sà?"

"Ibi méjèèjì."

"Owó iṣẹ́ ti ibẹ̀ ńkọ́, sà?"

Alhaji rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ìkà nínú rárá. "Owó iṣẹ́ wo? Ṣé ẹni tó ni ibẹ̀ ń gba owó iṣẹ́ ni?" Ó wo ọ̀nà géètì, níbi tí Bàbá Sàídì ti ń gbìyànjú láti gbé ẹsẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́. "Àbí kí n pe Bàbá padà, kí n ṣàlàyé bó ṣe jẹ́ fún wọn?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Lọ sin ìyá ẹ délé."

*

Nojeem àti Sọ̀fíyàt ò wọ kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní àwọn máa fẹsẹ̀ rìn. Waliyat ké láti inú kẹ̀kẹ́ pé kí wọ́n wo olólùfẹ́ lọ́sàn-án gangan, ó sì rẹ́rìn-ín títí kẹ̀kẹ́ fi yà.

Oòrùn ti mú. Ìgbà kan wà tí wọ́n máa ń rìn báyìí, tí ọwọ́ wọn á máa kan ara wọn bí ẹni pé èèṣì ni. Lónìí, Sọ̀fíyàt gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, ó jẹ́ kí ọlọ́kadà kọjá láàárín wọn.

"Mo gbọ́ gbogbo ohun tó sọ," ó ní nígbà tó yá.

Nojeem ń wo iwájú bàtà rẹ̀.

"Ẹ máa lọ?"

"Kí ni kí n ṣe, Sọ̀fí? Tí mi ò bá lọ, ó máa sọ fún Bàbá."

Wọ́n rìn. Ẹnì kan ń din dòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, òórùn rẹ̀ dùn. Wọn ò tíì jẹun láti àárọ̀, kò sì sí èyí tó dá a lábàá.

"Ìsọ̀ mi tó lọ, ó ti lọ," Sọ̀fíyàt ní. "Mi ò ní tìtorí ẹ̀ ṣépè fún yín. Òbúkọ Ìyá, bóyá Ọlọ́run á fún wọn ní òmíràn." Ó dúró, ó sì kọjú sí i fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Omi kún ojú rẹ̀, kò jẹ́ kó bọ́. "Ṣùgbọ́n Bàbá ṣí fìlà fún un. Ẹ rí orí wọn?"

Ó yíjú, ó ń lọ níwájú.

Kí wọ́n tó délé ni ọ̀rọ̀ ti délé. Àwọn èèyàn ti pé sí àgbàlá. Waliyat dúró láàárín wọn, ó ń fi ọwọ́ júwe bí ilé Alhaji ṣe ń dán, bí Alhaji ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí máàtì fún òun, bó ṣe ní Nojeem lòun máa fi gbogbo nǹkan lé lọ́wọ́. Ìyá ti gbé ìrẹsì kaná, Bàbá Sàídì jókòó sórí àga onígi tirẹ̀ pẹ̀lú agbádá lọ́rùn, ó ń gba ìkíni. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí bọ́ bàtà.

"Máníjà ti dé! Ẹ yà fún un!"

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ níwájú ilé sún síwájú. Obìnrin tó máa ń fún Nojeem ní ẹ̀pà nígbà tó wà lọ́mọdé ni. Kó tó sọ̀rọ̀, ó ti kúnlẹ̀ fún Nojeem, níwájú gbogbo ayé.

"Nojeem ọmọ mi, má wo ti pé mo dàgbà. Ọmọbìnrin mi tó jáde Poli, ilé ló jókòó sí. Tó o bá dé Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú yẹn, jọ̀ọ́, fi í síbì kan. Kó kàn máa kó búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Èmi náà máa wá dúpẹ́. Mi ò ní òbúkọ, ṣùgbọ́n mo máa wá nǹkan mú dání."

Nojeem sọ pé kó dìde. Kò dìde. Ó di ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀bẹ̀. Nojeem bẹ̀rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú obìnrin náà, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Àwọn èèyàn rò pé ẹ̀yẹ ló ń ṣe fún àgbà. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́.

"Màmá, ẹ dìde. Kò sí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú."

"Hẹn?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ fún mi." Ó yí ara lórí orúnkún, ó kọjú sí àga Bàbá Sàídì. "Bàbá, Alhaji ò fún mi ní ibì kankan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fún. Irọ́ ni mo pa. Ìyá mi, irọ́ ni mo pa."

Ìrẹsì ń hó lórí iná, omi rẹ̀ ń dà sórí igi, kò sẹ́ni tó ṣí i. Ìyá elélùbọ́ dìde díẹ̀díẹ̀, ó gbọn eruku lára ìró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bá ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde.

"Ọkọ mi..." Waliyat ní, ó wá orúkọ tó máa pè é, kò rí i.

"Òbúkọ mi ńkọ́?" Àtọ́kẹ́ bèèrè. Ó bèèrè bí ọmọdé. "Ṣé kò ní dá a padà ni?"

Àwọn tó wá kí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ohun tí wọ́n gbé sílẹ̀ nílé. Wọ́n ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rọra rìn. Ohùn wọn ò gòkè àfi ìgbà tí wọ́n dé ìta.

Bàbá Sàídì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan.

"Alhaji mọ̀," ó ní níkẹyìn. Kì í ṣe ìbéèrè.

"Ó mọ̀, Bàbá. Ó bò mí. Ó ní kí n máa bá òun ṣe ti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú náà lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí pé ó bò mí."

Bàbá mi orí. Ó dà bí ẹni pé kò gbọ́ ìyẹn, tàbí pé ó gbọ́ ọ, kò sì yà á lẹ́nu. Nǹkan mìíràn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó gbé ojú sókè, ó wo kọjá orí Nojeem, sí ibi tí Sọ̀fíyàt dúró sí lẹ́bàá òpó.

"Ìyàwó rẹ yìí," ó ní, "tó gbé àkàrà fún mi láàárọ̀. Ṣé ó mọ̀ ká tó gbéra nílé?"

Nojeem ò wẹ̀yìn. Ó mọ ohun tí ìbéèrè yẹn jẹ́. Bí ọmọ ilé bá parọ́, ọmọ ilé náà ni. Ìyàwó tó mọ̀, tó dákẹ́, tó jẹ́ kí olórí ilé ṣí fìlà lójú òde, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kì í tán nínú agboolé. Waliyat nìkan tó láti fi í kọrin títí yóò fi hewú.

"Rárá, Bàbá," ó ní, ohùn rẹ̀ le. "Kò mọ̀. Ọlọ́run gbọ́, kò mọ nǹkan kan."

Nojeem gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Sọ̀fíyàt kọjá Waliyat, ó kọjá ìyá, ó dé ibi tí ọkọ rẹ̀ wà. Ó tú gèlè lórí, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èjìká rẹ̀ fara kan tirẹ̀.

"Mo mọ̀, Bàbá," ó ní.

Bàbá Sàídì wò wọ́n pẹ́. Ó gbé fìlà kúrò lórí, ó wo inú rẹ̀, ó sì gbé e sórí itan. Ìyá lọ gbé ìkòkò ìrẹsì sọ̀ kalẹ̀. Waliyat wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dìde.